Àwọ̀ aró ti kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n ṣé omi náà ti mọ́?

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí a ti ń pa aṣọ láró. Aró ìgbàlódé ni à ń lò, a sì máa ń da iyọ̀ púpọ̀ sí i kí aṣọ lè mu àwọ̀ dáadáa. Mo ra ẹ̀rọ kan tó ní irin pẹlẹbẹ méjì tí a ń rì bọ inú àgbá omi ìdọ̀tí tó gba 100 lítà, tí a ó sì tan iná sí i. Ámípíà 30 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, omi tó dúdú minimini á mọ́ gaara. Ẹni tó tà á fún mi ní iná ti jó gbogbo ẹ̀gbin inú rẹ̀, pé mo lè dà á sí odò tàbí kí n tún un lò. Ṣùgbọ́n ó ń rùn bíi bílíìṣì, aṣọ tí a sì fi omi náà pa láró kò mu àwọ̀ bó ṣe yẹ. Ó tún ń rọ̀ mí pé kí n ra èyí tó tóbi, tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì bò. Ṣé omi yìí mọ́ lóòótọ́? Ṣé kí n ra èkejì?”

Ohun tí ẹ rí kì í ṣe ẹ̀tàn ojú. Àwọ̀ omi náà ti ṣá lóòótọ́, ẹ̀rọ yín sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé ẹni tó tà á fún yín fi ṣíṣá tí àwọ̀ ṣá ṣe ẹ̀rí pé omi ti mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀tọ̀ ni tàwọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ìdọ̀tí. Nínú iṣẹ́ omi ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí àṣìṣe tí mo ń bá pàdé tó èyí, nítorí pé ojú ni gbogbo wa kọ́kọ́ fi ń dá omi lẹ́jọ́. Inú mi dùn pé òórùn yẹn kò jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, torí pé òun gan-an ni yóò là wá lójú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ pé iná ń jó ẹ̀gbin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iná kì í jó nínú omi. Nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ yẹn, irin kan di ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, èkejì di ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù. Irin pọ́sítíìfù ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná nínú gbogbo nǹkan, lọ́wọ́ ohunkóhun tó bá fara kàn án, ohun tí wọ́n bá sì ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè wà bó ti wà mọ́. Ní ara irin nẹ́gétíìfù, omi fúnra rẹ̀ ló ń tú ká, tí afẹ́fẹ́ háídírójìn sì ń jáde. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn ìfófòó wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n ìpele omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ irin. Aró tó wà láàárín àgbá kò tilẹ̀ mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, àfi bí omi bá gbé e dé ìdí irin, tàbí bí irin bá ṣe nǹkan mìíràn jáde tó lè rìn lọ bá a. Ohun tó lágbára jù lọ tí irin pọ́sítíìfù lè ṣe jáde láti inú omi ni háídírọ́síìlì, èyí tó lè fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yọ lára èròjà oníkábọ́ọ̀nù tó pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kì í sì í rìn jìnnà sí irin tó ṣe é kó tó pòórá.

Kí ló wá rìn káàkiri àgbá yín tó fi ṣá àwọ̀ gbogbo omi láàárín ìdajì wákàtí? Iyọ̀ yín ni. Iyọ̀ tí ẹ ń dà sínú aró ní kílóráìdì nínú. Ní ara irin pọ́sítíìfù, kílóráìdì ń di kílóríìnì, kílóríìnì náà ń dà pọ̀ mọ́ omi, ó sì ń di háípòkílóráìtì. Háípòkílóráìtì yìí gan-an ni wọ́n ń rọ sínú ìgò tí wọ́n ń tà ní bílíìṣì. Ẹ̀rọ yín ń ṣe bílíìṣì sínú àgbá, bílíìṣì ló sì ba àwọ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni òórùn ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ìdí tí aṣọ tó tẹ̀ lé e kò fi mu àwọ̀: bílíìṣì tó ṣẹ́ kù nínú omi ti kọlu aró tuntun kó tó ráyè lẹ̀ mọ́ òwú.

Ọ̀pọ̀ jù lọ aró ìgbàlódé tó ń mú àwọ̀ pupa, ọsàn tàbí dúdú wá ní ìsopọ̀ kan láàárín nitirójìn méjì tí wọ́n ń pè ní ásò. Ìsopọ̀ yìí, pẹ̀lú àwọn òrùka kábọ́ọ̀nù tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, ni ó ń mú kí ojú wa rí àwọ̀. Òun náà ló rọrùn jù láti ṣẹ́. Bó bá ti ṣẹ́, àwọ̀ pòórá, àmọ́ àwọn òrùka kábọ́ọ̀nù ṣì wà nínú omi digbí. Bí ẹni tó fẹ́ àtùpà pa ló rí: ìmọ́lẹ̀ ti lọ, epo ò tíì lọ. Àwọn àfọ́kù wọ̀nyí kì í sì í ṣe nǹkan tí a lè fojú fò. Bí kílóríìnì bá kọlù wọ́n, ó lè lẹ̀ mọ́ wọn, kí wọ́n di èròjà oníkílóríìnì tó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti odò. Ní ara irin nẹ́gétíìfù, ìsopọ̀ ásò lè ṣẹ́ lọ́nà mìíràn kó sì di àmínì, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà lára ẹbí yìí, bíi benzidine, tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ìdí nìyí tí àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ka àwọn aró ásò tó lè tú irú àwọn àmínì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ léèwọ̀ lára aṣọ, bí iye tó tú sílẹ̀ bá ti ju mílígíráàmù 30 lọ nínú kílógíráàmù aṣọ kan. N kò sọ pé aró yín wà lára wọn; ìwé tó bá aró náà wá ni yóò sọ. Ẹ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù. Àwọn tó ń yẹ omi wò ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní COD wọn iye ọ́síjìn tí ìdọ̀tí oníkábọ́ọ̀nù inú omi yóò gbà kó tó tán. COD omi ilé ìpaláró sábà máa ń wà láàárín ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí ẹgbẹ̀rún mélòó kan mílígíráàmù nínú lítà. Ká ní tiyín jẹ́ 1,500. Gíráàmù 150 ló wà nínú àgbá 100 lítà nìyẹn. Òfin tí Michael Faraday gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1830 ti sọ iye iná tí a gbọ́dọ̀ ná kí iye èròjà kan tó yí padà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ olówó ńlá. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, gíráàmù COD kan ń gba ámípíà-wákàtí 3.35 (ámípíà-wákàtí kan ni iná ámípíà kan tó ṣàn fún wákàtí kan). Ẹ̀rọ yín, ní ámípíà 30 fún ìdajì wákàtí, ná ámípíà-wákàtí 15 péré. Ohun tó pọ̀ jù lọ tí èyí lè mú kúrò ni gíráàmù 4.5 nínú 150, ìyẹn ìdá 3 nínú 100, bí iná kankan kò bá tilẹ̀ ṣòfò. Kí gíráàmù 150 náà tó lè tán, ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ wà lórí iná fún nǹkan bíi wákàtí 17 láìṣòfò rárá. Iná iye yẹn náà, bó bá jẹ́ kílóríìnì ni gbogbo rẹ̀ bá lọ sí, á ṣe tó gíráàmù 20 jáde láàárín ìdajì wákàtí, èyí sì tó láti ṣá àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ omi aró. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ àti ìdọ̀tí kì í gba iná kan náà.

Iná á sì máa ṣòfò dájúdájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣì kún fún ìdọ̀tí, irin máa ń rí nǹkan mú. Bí ìdọ̀tí bá ti ń dín kù, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ìdí irin, iná tó kù yóò sì máa fọ́ omi sí ọ́síjìn lásán. Bí ẹ bá fi iná kún iná ní àsìkò yẹn, ìfófòó àti ooru nìkan ni yóò pọ̀ sí i. Ríro omi pọ̀ dáadáa, tàbí fífi ẹ̀rọ fà á kọjá láàárín irin méjì tó sún mọ́ra, ń ṣe àǹfààní ju fífi ámípíà kún un lọ. Bó ti wù ká ṣe é, ìdọ̀tí díẹ̀ tó bá kẹ́yìn ló máa ń jẹ iná jù.

Ojú lè ṣini lọ́nà lápá kejì pẹ̀lú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí nítorí pé ó lè mú kí ẹ pa ẹ̀rọ nígbà tí kò yẹ. Ẹ wo phenol, èròjà oníkábọ́ọ̀nù kan tí kò ní àwọ̀ nínú omi. Bí a bá tan iná sínú omi phenol, omi tó mọ́ gaara á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á di àwọ̀ ilẹ̀, kó tó tún máa mọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó fa àwọ̀ náà ni benzoquinone, èyí tí phenol ń dà lẹ́yìn tó bá ti fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 4 sílẹ̀, ó sì lóró fún ẹ̀dá inú omi ju phenol tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Kí phenol kan tó di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì pátápátá, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 28 sílẹ̀. Ẹni tó bá pa iná nígbà tí omi pọ́n ti fi oró kún oró. Ẹni tó sì pa á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ padà ṣì ní àwọn ásíìdì wẹ́wẹ́ bíi oxalic àti maleic nínú omi. Àwọn ásíìdì yìí kò burú tó ti ìṣáájú, bakitéríà sì lè jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè sọ ibi tí a dé.

Nípa odò, rárá ni ìdáhùn mi, ó kéré tán fún omi náà bó ṣe ń jáde nínú àgbá lónìí. Ìdí àkọ́kọ́ ni kílóríìnì tó ṣẹ́ kù. Ìwọ̀n tí àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà dábàá fún odò tí kò níyọ̀ ni máíkírógíráàmù 19 nínú lítà fún ìgbà kúkúrú, àti 11 fún ìgbà pípẹ́. Òórùn bílíìṣì tí ẹ lè fi imú gbọ́ lókèèrè ti ju ìyẹn lọ fíìfíì, ẹja kò sì lè fara dà á. Ìdí kejì ni àwọn àfọ́kù tí mo ti sọ lókè. Ìkẹta ni iyọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ irú èyí tó ń mú iyọ̀ kúrò, bí ẹ ṣe dà á sí i náà ló ṣe máa jáde, oko tí wọ́n bá sì ń fi irú odò bẹ́ẹ̀ bomi rin yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì wà lóòótọ́, ó sì lágbára. Dáyámọ́ńdì lásán kì í gbé iná, nítorí náà wọ́n ń po boron díẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí ẹ ní lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fura láti inú àlàyé yín, jẹ́ titanium tí a fi ọ́sáìdì ruthenium tàbí ti iridium bò. Henri Beer ló mú irú irin bẹ́ẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1960 fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kílóríìnì láti inú omi iyọ̀, kò sì yani lẹ́nu pé kílóríìnì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ní ọdún 1994, onímọ̀ kẹ́míkà kan, Christos Comninellis, ní ìlú Lausanne ní Switzerland, ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi méjì: èyí tó ń di ọ́síjìn mọ́ ara pinpin, tí kì í lè sọ ìdọ̀tí di nǹkan mìíràn ju ààbọ̀ ọ̀nà lọ, àti èyí tó jẹ́ kí háídírọ́síìlì dúró lára rẹ̀ láìdì í mú, tó sì lè ti ìdọ̀tí dé orí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì. Apá kejì ni dáyámọ́ńdì wà. Ó tilẹ̀ lè fọ́ PFOA àti PFOS, àwọn èròjà tí bakitéríà àti kílóríìnì kò lè fọ́. Bí ẹ bá ń fi èròjà tí kì í jẹ́ kí omi wọ aṣọ parí iṣẹ́ yín, ẹ sọ ọ́ fún ilé àyẹ̀wò, torí pé irú wọn lè wà nínú omi yín.

Ṣùgbọ́n nínú omi tó kún fún iyọ̀ bíi tiyín, agbára dáyámọ́ńdì náà ló di ewu rẹ̀. Kò ní dúró lórí kílóríìnì, yóò tì í dé orí kílóréètì, yóò sì tún tì í dé orí pàkílóréètì, àwọn èròjà tí kílóríìnì àti ọ́síjìn para pọ̀ di. Èyí tó kẹ́yìn yìí ń dí áyódíìnì lọ́wọ́ láti wọ inú tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn wa, ó sì ṣòro púpọ̀ láti mú kúrò nínú omi. Àjọ ìlera àgbáyé fi kílóréètì inú omi mímu sí mílígíráàmù 0.7 nínú lítà, ó sì fi pàkílóréètì sí 0.07. Omi ìdọ̀tí kì í ṣe omi mímu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n odò tí ẹ bá dà á sí lè jẹ́ omi mímu ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí èmi yóò kọ́kọ́ wò bó bá jẹ́ tèmi kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ rárá: iyọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ aró tó ń fẹ́ iyọ̀ kílóráìdì gba sódíọ́mù súlífèètì pẹ̀lú, àwọn aláró sì ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá yí sí i, èròjà kílóríìnì inú omi yín á dín kù púpọ̀, dáyámọ́ńdì á sì wúlò níbẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù tí mo sọ. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé irin tí ẹ ní báyìí kò ní lè ṣá àwọ̀ omi súlífèètì bó ṣe ń ṣá ti ìsinsìnyí, nítorí kò ní rí kílóríìnì ṣe. Ohun kejì ni pé kí ẹ má ṣe fi iná lé ohun tí bakitéríà lè jẹ. Sítáàṣì tí a fọ̀ kúrò lára aṣọ, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọṣẹ, bakitéríà lè jẹ wọ́n nínú àgbá tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ní owó tó kéré púpọ̀ sí ti iná. Ẹ jẹ́ kí iná kẹ́yìn, fún ìwọ̀nba tí bakitéríà kò lè jẹ. Bí ẹ bá ní láti fi iná ṣáájú, ẹ gbọ́dọ̀ pa kílóríìnì inú omi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò kú. Èédú tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi náà wúlò fún omi díẹ̀ bíi tiyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló ń kó ìdọ̀tí jọ láìpa á run, ẹ ó sì ní láti mọ ibi tí ẹ ó kó èédú tó bá kún sí. Ti àwọn ẹ̀rọ tó ń lo irin lásán tàbí alumíníọ́mù jọ èyí: irin náà ń yọ́, ó ń kó àwọ̀ mọ́ra, ó sì ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àgbá. Bí irin yín bá ń tín-ín-rín lóṣooṣù, irú ẹ̀rọ yìí lẹ ní, ìfura mi nípa titanium kò sì tọ̀nà nìyẹn.

Fún àtúnlò, ó ṣeé ṣe, pàápàá fún fífi ṣan aṣọ ní ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpaláró. Ẹ pa kílóríìnì tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú sódíọ́mù taiosúlífèètì, kí ẹ sì fi bébà ìdánwò kílóríìnì wò ó títí yóò fi fi òfo hàn. Ẹ má fi po aró tuntun, nítorí iyọ̀ àti àfọ́kù inú rẹ̀ á máa lé sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un lò, ẹ kò sì ní mọ ohun tó ń ba àwọ̀ jẹ́ mọ́.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la. Háídírójìn tó ń jáde lára irin lè gbiná bó bá ti pé ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó yí i ká, nítorí náà ẹ má ṣe de àgbá náà, ẹ má sì gbé e sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí. Ẹ má da ásíìdì sí omi yẹn láéláé, kódà bí ẹnì kan bá ní ó ń mú iṣẹ́ yá: afẹ́fẹ́ kílóríìnì á jáde, ó sì ń pani.

Láìrí èsì àyẹ̀wò omi yín, n kò lè sọ iye wákàtí tàbí irú irin tó tọ́ sí yín gan-an, ẹni tó bá sì sọ ọ́ láìrí i kò sọ òótọ́. Ẹ gbé omi tí ẹ kò tíì tan iná sí àti èyí tí ẹ ti tan iná sí lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ má fi COD nìkan dánwò, nítorí kílóráìdì tó pọ̀ máa ń ru èsì rẹ̀ sókè, iye tí wọ́n á sì bá lè jẹ́ ti iyọ̀. Ẹ béèrè TOC, èyí tó ń ka kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, àti AOX, tó ń ka àwọn èròjà oníkábọ́ọ̀nù tí kílóríìnì ti lẹ̀ mọ́. Bí TOC kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ tí AOX sì gòkè, ohun tí mo ti ń sọ láti òkè ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá yín.

Ẹ má ì tíì ra èkejì. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ fún ẹni tó ń tà á ní lítà mélòó kan nínú omi yín gan-an, kó má ṣe lo omi tó fúnra rẹ̀ pò, kó sì fi ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì rẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Kó kọ iye ámípíà, iye fólítì àti iye wákàtí tó lò sílẹ̀. Kí ilé àyẹ̀wò tí kì í ṣe tirẹ̀ ka TOC, AOX, kílóréètì àti pàkílóréètì ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ṣírò iye iná tí lítà kan yóò gbà ní ilé iṣẹ́ yín, ẹ ó sì lè fi í wé ohun tí bakitéríà tàbí èédú yóò ná yín.